Ògiri Lanu, Wọ́n Fi Ike Bò Ó

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n lè mí: pákó tí ẹ̀ ń rí lára ògiri pálọ̀ àwọn èèyàn káàkiri ìlú lónìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe pákó. Ike ni. Wọ́n ya àwòrán igi sí i lójú ni. Ẹ fi èékánná ha á wò, funfun báláú lẹ máa bá lábẹ́. Òmíràn sì wà tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n tẹ̀ gbẹ, tí wọ́n wá lẹ bébà aláwọ̀ igi mọ́ lójú. MDF ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Bí omi bá kàn án báyìí, á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

Kabba ni mo ti rí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ìlú àwa Owé ní ilẹ̀ Okun, ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Surulere, ẹ̀yin ará Bódìjà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ yín làwọn ará ilé ti rí i kó wálé. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìlara ló ń ṣe mí, tàbí pé mo kórìíra kí èèyàn ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ọmọ kápẹ́ńtà ni mí. Inú èérún pákó ni mo ti kọ́ ìrìn, òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ráńdà fá sì dùn mọ́ mi nímú ju lọ́fíńdà lọ. Irọ́ ni mò ń bá jà, irọ́ tí à ń kàn mọ́ ara ògiri.

Ẹ gbọ́ bí Bàbá wa ṣe ṣe tiwọn. Ọdún owó Udoji ni, 1975, nígbà tí Kabba ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sókè, wọ́n sì san ti oṣù mélòó kan sẹ́yìn pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ra rédíò, àwọn kan ra máṣíìnì Honda, àwọn kan sì ní kí Bàbá bá àwọn fi pákó bo ògiri pálọ̀ bíi ti ọ́fíìsì òyìnbó. Wọ́n ṣe é fún tíṣà, wọ́n ṣe é fún akọ̀wé kóòtù. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe é sí pálọ̀ tiwọn náà. Ìrókò ni, èyí tó ṣẹ́kù nínú igi tí wọ́n fi ṣe bẹ́ǹṣì ìjọ kan. Ogójì pákó. Kò ga ju ìbàdí èèyàn lọ, ògiri méjì ló sì gbà nínú mẹ́rin, àwọn méjì tí òjò máa ń bá jà.

Ilé alámọ̀ ni ilé wa, símẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Kabba sì rèé, àárín òkè la wà. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, bí òjò bá ti rọ̀, omi á máa ṣàn bọ̀ láti òkè. Ilẹ̀ á mu yó, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí fà á láti ìsàlẹ̀ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Bàbá mọ̀. Wọn ò lẹ pákó mọ́ ògiri ṣánṣán. Wọ́n kọ́kọ́ kan igi pẹlẹbẹ mọ́ ọn ní ìbú, wọ́n gé àlàfo sára igi wọ̀nyẹn níbi púpọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gòkè lẹ́yìn pákó. Wọ́n fi ìka mẹ́ta sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ má baà kan igi, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Pákó kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ahọ́n èyí á wọ ẹnu ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kan ìṣó sí.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Wọ́n ní, "Igi ò kú o. Bí ọyẹ́ bá dé á sún kì, bí òjò bá dé á wú. Tí o bá kàn án lápá ọ̀tún, tí o tún kàn án lápá òsì, o dè é lókùn nìyẹn, á sì ya mọ́ ọ lójú."

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni pákó yẹn fi wà níbẹ̀. Kò ya, ikán ò jẹ ẹ́. Orí rẹ̀ la máa ń gbé ẹ̀yìn lé tí a bá ń gbọ́ ìròyìn.

Ní ìparí ọdún 2021, Ìyá wa pé ọgọ́rin ọdún. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ní àfi kí òun tún pálọ̀ ṣe kí àlejò tó dé. Inú mi dùn. Ọmọ tó rántí ìyá rẹ̀ ni. Ìbàdàn ni mo wà, n kò bi í léèrè ohun tí yóò tún ṣe níbẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà. Ó gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́ tí kì í pe ara rẹ̀ ní kápẹ́ńtà. "Interior" ló ń jẹ́. Fóònù ni irinṣẹ́ rẹ̀: á ṣí àwòrán pálọ̀ kan ní Dubai hàn yín, ẹ̀yin á sì sanwó. Ọjọ́ méjì péré ló lò. Ó fi òòlù tú pákó Bàbá kúrò lára ògiri. Ó kan igi funfun tútù, tí ẹnikẹ́ni ò fi oògùn ikán kùn, mọ́ ògiri kan náà tó ń mu omi yẹn. Ó lẹ ike mọ́ ọn láti ilẹ̀ dé àjà, ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo etí rẹ̀ pa, ó wá tan iná búlúù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Èmi náà ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ẹ ẹ̀ rí nǹkan!

Pákó Bàbá ńkọ́? Àwọn tó ń se ìrẹsì ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n bá a nílẹ̀. Igi gbígbẹ, ta ni kò ní fi dáná?

Ọdún Àjíǹde 2024 ni mo tó tún lọ sùn sílé yẹn dáadáa. Ìyá ń wúkọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá jókòó síwájú ilé, á lọ, bí àwọn bá ti wọ pálọ̀, á padà. Wọ́n tún ní àwọn máa ń gbọ́ nǹkan tó ń jẹ igi lóru, àwọn ọmọ sì ń sọ pé etí àgbà ni. Pálọ̀ ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú àpótí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ti ike yẹn díẹ̀, ọwọ́ mi wọlé. Mo bá fà á ya.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo rí! Igi funfun tí wọ́n kàn ti di ihò, ikán ti kọ́lé sí i láti ilẹ̀ dé àjà. Ara ògiri tutù bí ara ìkòkò omi. Ó hùkasì, níbì kan ó funfun bí òwú, níbì kan ó dúdú bí èédú. Símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ń bọ́ lọ́wọ́ mi bí àkàrà. Ibi tí iná búlúù yẹn ti gba iná ńkọ́? Sẹ́lótéèpù lásán ni wọ́n fi wé ojú wáyà, ẹ̀yìn ike tó kàn án sì ti yọ́, ó ti pọ́n. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kì í sábà sí iná. Irú ike yẹn, PVC, bó bá jóná, èéfín rẹ̀ kì í ṣe ti igi o. Ásíìdì wà nínú rẹ̀ tó ń bó ọ̀fun, ó sì lè pa ẹni tó ń sùn kí iná gan-an tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

N kì í ṣe dókítà, n kò sì ní fi ikọ́ Ìyá parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ilé tó bá tutù, tó hùkasì, máa ń fa ikọ́, ó sì ń ru ikọ́ fée sókè. Ti MDF náà ò kéré. Òórùn tó máa ń ta èèyàn lójú nígbà tó bá ṣì tuntun, formaldehyde wà nínú rẹ̀, láti inú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi pò ó. Ní 2004 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sí ara àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. N kò sọ pé pálọ̀ yín máa pa yín lọ́la. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fi MDF yí yàrá ká, tó ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, kó mọ ohun tí òun ń mí sínú.

Mo tẹ àbúrò mi láago. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba iṣẹ́ olówó ńlá jẹ́!" Mo ní, "Ikán ló bà á jẹ́, èmi kàn ṣílẹ̀kùn fún ọ ni." Ó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é ní Àbújá. Mo ní ṣé gbogbo èèyàn ní Àbújá ló ń gbé ilé alámọ̀ ní ẹsẹ̀ òkè? Ó pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ò fi bára wa sọ̀rọ̀, àwa ọmọ ìyá kan náà, nítorí ike.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwa ti òde òní, ògiri lanu, a ò dí i, aṣọ la wá fún un. A ò bi ògiri pé kí ló ń ṣe ọ́. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe tí àgbà bá kú. Òkú á wà ní mọ́ṣúárì, àwọn ọmọ á dáwó jọ, wọ́n á fi ike bo pálọ̀ iwájú nítorí àwọn àna àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́, yàrá ẹ̀yìn tí òkú ti gbé ọdún márùn-ún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ á ṣì máa jò. Àwọn ará Bùnú tí í ṣe ìbátan wa ní aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àgbà. Aṣọ yẹn ní ìtumọ̀, kì í ṣe gbogbo òkú ló ń gbà á. Ike tí a lẹ̀ ní ọjọ́ Wẹsidé kí òkú tó délé ní Ọjọ́bọ̀, kí ni ìtumọ̀ tirẹ̀?

Àwọn òyìnbó tí à ń kọ́ ṣe gan-an, òtútù ló lé wọn dé ìdí fífi pákó bo ògiri. Ilé olókùúta ni wọ́n ń gbé, ara ògiri dà bí yìnyín, ni wọ́n bá fi pákó là á láàárín ara wọn àti òkúta. Èwo ni òtútù wa ní Kabba? Ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan? Ẹwà nìkan ni tiwa. Kò sí aburú níbẹ̀, ẹwà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ra ẹwà kó ra ojúlówó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ń dùn mí wọ egungun rèé. Igi kan wà tí àwọn òyìnbó fi ń bo ògiri tí wọ́n sì fi ń ṣe ilẹ̀kùn, Sapele ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé. Orúkọ ìlú wa ni! Sapele ti Ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí ilé-iṣẹ́ African Timber and Plywood wà láyé ọjọ́un. Igi kosso tún wà, tí wọ́n ń pè ní rosewood, tó ń hù nínú ọ̀dàn bí irú tiwa yìí. Àwọn ará Ṣáínà ń fi í ṣe àga àti àpótí olówó iyebíye. Ní 2017, àjọ Environmental Investigation Agency gbé ìwádìí jáde pé ó ju mílíọ̀nù 1.4 ìtì igi kosso láti Nàìjíríà tí wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kó wọ Ṣáínà, owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 300 dọ́là. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2018, CITES, àjọ tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó ń tán lọ láyé, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dáwọ́ rírà á lọ́wọ́ wa dúró. Igi gidi ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ike tí wọ́n ya àwòrán igi sí ń wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀. Àwa la san owó ọkọ̀ yẹn.

Ṣé a ò mọ iṣẹ́ igi tẹ́lẹ̀ ni? Ẹ kúrò ní ilẹ̀ Ìyàgbà, ẹ wọ Kwara díẹ̀, ẹ ó dé Òsì, ìlú Arẹ́ògún tó gbẹ́ ilẹ̀kùn tí àwọn ilé ìṣúra òkè òkun ń bá ara wọn du. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà níbẹ̀. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn ará British Museum rí i, wọn ò fẹ́ kó padà wálé mọ́. Ìtẹ́ ọba kan tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, ilẹ̀kùn sì wà lọ́dọ̀ wọn títí dòní. Àwọn tó lè ṣe àga bí irú wọn ló wá fi àga gba igi lọ́wọ́ wa! Àwa wá ń tú ìrókò lára ògiri fún alásè.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ìrókò ti wọ́n, ó sì ti ń tán nínú igbó. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ẹ lọ gé ọ̀kan ṣoṣo sí i nítorí pálọ̀. Ṣùgbọ́n tíìkì wà, mẹ̀línà wà, àwọn igi tí wọ́n dìídì gbìn láti gé. Ògiri kan ṣoṣo tí wọ́n fi tíìkì bò dé ìbàdí sàn ju mẹ́rin tí wọ́n fi ike bò dé àjà. Bí owó ò bá tó ìyẹn, ẹ kun ọ̀dà, kí ẹ jẹ́ kí ògiri mí. Àwọn ìyá wa fi ẹbọ́tọ pa ògiri, wọ́n ń tún un pa lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó bú wọn pé ilé wọn ò dára.

Kí ẹ tó kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ dán ògiri wò. Ẹ gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ojú ewé ìwé ìròyìn, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri típẹ́típẹ́, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta. Ìgbà òjò ni kí ẹ ṣe é o, kì í ṣe ìgbà ọyẹ́ tí ohun gbogbo gbẹ. Bí ẹ bá bá omi lábẹ́ ọ̀rá, ẹ fi pákó sílẹ̀, kí ẹ fi owó yẹn la gọ́tà yí ilé ká, kí ẹ fa páànù jáde kí òjò má baà máa ta sí ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ ilé tuntun, ẹ ò ní àwáwí kankan. Obajana ò jìnnà sí wa, ilé-iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lágbára láti ṣe ju mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù símẹ́ǹtì lọ lọ́dún, ọ̀nà oníkọnkéré ló sì wá láti ibẹ̀ dé Kabba. Ẹ sọ fún bíríkìlà yín kó tẹ́ ọ̀rá DPC sórí ìpìlẹ̀ kí búlọ́ọ̀kù tó gòkè. Owó rẹ̀ ò tó ti iná búlúù.

Bí ògiri bá gbẹ, ẹ ra pákó tó gbẹ, ẹ kó o sínú yàrá yẹn gan-an fún ọ̀sẹ̀ méjì kó mọ ojú ọjọ́ ibẹ̀. Ẹ fi oògùn ikán kun ẹ̀yìn rẹ̀ àti igi tí ẹ máa kàn án mọ́. Yòókù, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá mi.

Ẹ̀yin kápẹ́ńtà, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi ná. Ẹ̀yin náà lẹ lé oníbàárà yín lọ bá Interior. Ẹ gbowó ní oṣù kejì, iṣẹ́ ò délé títí di oṣù kẹsàn-án. Ẹ ra igi tútù ní sọ́míìlì, ẹ ní ó ti gbẹ. Bí a bá tẹ̀ yín láago, ẹ ní ọ̀nà lẹ wà, a sì ń gbọ́ ariwo ọmọ yín níbẹ̀. Ọmọkùnrin olófóònù yẹn, ó purọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dé lọ́jọ́ tó ní òun máa dé.

Àbúrò mi ti wá sílé ní oṣù kẹjọ. Ó wo ògiri náà, kò sọ̀rọ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òun ló sanwó gọ́tà. Ògiri ṣì wà ní ìhòòhò bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò tíì rẹ́ ẹ, a ń jẹ́ kó gbẹ. Àwọn àlejò tó bá wá ń wò ó, wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá ní kí wọ́n máa wò.

Pákó kan ló ṣẹ́kù nínú ogójì. Mo rí i ní iwájú ilé, wọ́n fi ṣe afárá lórí gọ́tà ìgboro láti ọjọ́ àríyá yẹn. Ó ju ọdún méjì lọ tí mótò tí ń ta ẹrẹ̀ sí i, tí òjò ń pa á, tí oòrùn ń pa á, tí gbogbo àdúgbò ń tẹ̀ ẹ́. Mo hú u, mo fọ̀ ọ́, mo fi sí abẹ́ àjà títí ó fi gbẹ, mo wá ráńdà Bàbá kàn nínú àpótí. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo fá a. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò jẹrà níbì kankan, ahọ́n rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e fún Ìyá. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì dì í mú pẹ́. Mọ́kàndínlógójì yòókù ti bá ìrẹsì lọ.